Ẹ ra ibòòji kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá àwọn ọlọ́jà wa jókòó ní Mọ́níyà, ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Àkánrán, ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó ń jẹ èrè wọn fún yín. Wọ́n á ka owó iná, wọ́n á ka bẹntiróòlù, wọ́n á ka àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn láràárọ̀, wọ́n á ka oníbàárà tó gbà á láwìn tó sì gba ọ̀nà ibòmíì lọ. Ẹ ò ní í gbọ́ kí wọ́n ka oòrùn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ oòrùn yìí náà ń jẹ níbẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń jẹ, kò sì sẹ́ni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún òun.

Lórílẹ̀-èdè Japan, téèyàn bá ń rìn lọ lójú títì, yóò máa rí ẹ̀rọ ńlá kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń tajà fúnra ẹ̀. Ẹ ju owó sí i, ẹ tẹ ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ohun mímu tutù jáde. Kò sí ìyá ọlọ́jà, kò sí ọmọ ọ̀dọ̀. Láwọn abúlé àtàwọn ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, a ò ní irú ẹ̀ lójú títì wa, ṣùgbọ́n a ní tiwa. Tiwa ni fírísà ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, àti ẹ̀rọ POS tó wà lórí tábìlì kékeré lábẹ́ ańbùrẹ́là. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé tiwa, èèyàn ló ń jókòó tì í. Oòrùn tó ń pa tọ̀hún náà ló ń pa tiwa, tiwa tiẹ̀ tún le jù.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ń tajà ní Láàlúpọn. Ó dá àjọ fún ọdún kan gbáko, ó yá díẹ̀ kún un lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó fi ra fírísà. Ó gbé e síta níbi táwọn tó ń kọjá á ti máa rí i, nítorí ọjà téèyàn ò rí, kò lè rà á. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́fà, orí fírísà yẹn ni oòrùn ń gúnlẹ̀ sí. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀rọ ò mú omi tutù mọ́, ó kàn ń hó gùùù láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí oníṣẹ́ fíríìjì máa dé, ó ní compressor ti jó. Gbèsè ẹgbẹ́ ò tíì tán o! Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í bú oòrùn. Àwọn oníná ló máa bú, á bú ẹni tó tà á fún un, nígbà míì á tiẹ̀ máa fura sáwọn ará ilé ẹ̀.

Ohun tó pa ẹ̀rọ yẹn kò fara sin rárá. Ọ̀pọ̀ wa rò pé fíríìjì ń ṣe òtútù. Rárá o, kì í ṣe òtútù. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa kó ooru tó wà nínú ẹ̀ jáde, kó máa dà á síta láti ara àwọn irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀, nínú awọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tàbí nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ óò rí i pé ó gbóná. Ooru tó kó jáde láti ara pure water yín nìyẹn. Tí ìta bá wá gbóná gan-an, níbo ló fẹ́ da ooru ọ̀hún sí? Ó dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi tó ti lu. Bó ṣe ń gbọ́n ọn lọ ni omíì ń wọlé. Kò ní í sinmi, apá ẹ̀ á sì rọ níjọ́ kan.

Àṣírí kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta fíríìjì fún wa kì í sọ. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí máa ń kọ lẹ́tà kan sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú tàbí ẹ̀yìn ẹ̀, láti fi sọ irú ìlú tí wọ́n ṣe é fún. Tẹ́ ẹ bá rí N tàbí SN, ibi tí ooru ò bá ti ju ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ṣe é fún. ST lè fara dà á dé 38. Èyí tó bá jẹ́ T lè dé 43. Ní agbègbè Ìbàdàn, lóṣù kejì àti oṣù kẹta, ooru abẹ́ ibòòji pàápàá máa ń kọjá 33. Inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù àti inú kọ̀nténà, tiwọn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ wá rí i pé fíríìjì tí wọ́n ṣe fún ilé ìdáná ní Jámánì, tí wọ́n gbé dé síbí ní tòkunbọ̀, kò mọ irú ayé tó wá. Ìjọba àpapọ̀ ti fi fíríìjì àlòkù sára àwọn ọjà tí kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ ẹ lọ sọ́jà, ẹ óò bá a ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, tuntun tàbí àlòkù, ẹ wá lẹ́tà yẹn kẹ́ ẹ tó nájà. T ni kẹ́ ẹ mú, ST ló tẹ̀ lé e.

Ẹ tún wo owó iná. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan, kí wọ́n tó wá dín in kù díẹ̀. Àwọn ará abúlé tí kò sí ní Band A, jẹnẹrétọ̀ ni tiwọn, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti ní òun yọwọ́ nínú owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀yin náà mọ ohun tójú wa ti rí. Ẹ̀rọ tó wà nínú oòrùn kì í sinmi, èyí tí kì í sinmi yìí ló sì ń mu iná jù. Ibòòji tẹ́ ẹ ò rà, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń san owó ẹ̀ fáwọn oníná àtàwọn elépo.

Ó dáa, báwo wá la ṣe máa ṣe é? Ọ̀nà tí ṣọ́ọ̀bù kọjú sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín síbi tí oòrùn ti ń yọ. Ibi tẹ́ ẹ kọjú sí yẹn ni àríwá, ẹ̀yìn yín ni gúúsù, ọwọ́ òsì yín ni ìwọ̀-oòrùn. Ní Ìbàdàn àti agbègbè ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà láàárín orí wa gan-an: nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù kẹrin àti nǹkan bí ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì yìí, apá àríwá ló máa ń fì sí, àsìkò yẹn sì ni òjò àti ìkùukùu pọ̀ jù. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, apá gúúsù ló ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí àríwá fi ń gbádùn ibòòji tiẹ̀ nígbà tí ooru bá le jù. Tẹ́ ẹ bá láǹfààní àtiyan ilẹ̀, àríwá ni kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀rọ yín sí.

Ohun tẹ́ ẹ máa sá fún ni ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í wá láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé, òrùlé tó gùn tó báwo kò sì lè dá a dúró. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lójú títì wà, tí kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe é, ẹ ta nǹkan síwájú ẹ̀ láti òkè délẹ̀ tó bá ti di aago méjì: ẹní, aṣọ tapólì, tàbí imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n hun pọ̀. Tó bá di alẹ́, ẹ ká a sókè. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan òrùlé. Páànù kan ṣoṣo tí kò ní nǹkan lábẹ́, ààrò ni. Oòrùn á yan án lókè, òun náà á máa yan èèyàn àti ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Ẹ ṣe òrùlé méjì, kí àyè wà láàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó wà lókè tiẹ̀ lè jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ bíi ti àtíbàbà. Ẹ má fi àtíbàbà ṣe yẹ̀yẹ́ pé nǹkan ará oko ni, ó tutù ju páànù lọ fíìfíì. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún níbẹ̀ ni iná: ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ààrò ẹni tó ń yan àgbàdo sún mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ kọ̀nténà lẹ ní, ọ̀dà funfun ni kẹ́ ẹ fi kùn ún lókè àti lára. Funfun ń lé oòrùn padà, dúdú ń gbé e mì. Kẹ́ ẹ sì má fún ẹ̀rọ mọ́ ògiri. Ẹ fi àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí ooru rí ibi gbà. Nígbà ọ̀yẹ́, eruku á dí àwọn irin yẹn pa, nítorí ẹ̀ ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò nínú iná lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ẹ jẹ́ ká yá ọgbọ́n kan lọ́wọ́ àwọn ará Japan. Láti bí ọdún 1995 ni wọ́n ti ń lo irú ẹ̀rọ kan tó máa ń mú ọjà tutù gan-an láàárọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tó bá sì di ọ̀sán gangan, láti aago kan sí aago mẹ́rin, kò ní í fi iná mú ọjà tutù mọ́, òtútù tó ti kó pa mọ́ ni yóò máa ná. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé àsìkò yẹn ni gbogbo ìlú ń fa iná jù. Ẹ̀yin náà lè ṣe é láìra ẹ̀rọ tuntun. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ to ọjà gbígbóná sínú fírísà, kì í ṣe ọ̀sán. Ẹ kún ìgò rọ́bà mélòó kan fómi, ẹ jẹ́ kó di yìnyín mọ́jú, kẹ́ ẹ fi sáàárín ọjà. Tíná bá lọ lọ́sàn-án, yìnyín yẹn ló máa dì yín mú. Kẹ́ ẹ sì fi aṣọ nípọn tàbí àpò ìrẹsì bo orí fírísà, àmọ́ kẹ́ ẹ má bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ tó ti ń mí.

Ó ti wá kan àwọn ọmọ POS. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù GSM ti wọlé ni ańbùrẹ́là ti gba gbogbo oríta wa. Abẹ́ ẹ̀ la ti ń sanwó pe fóònù nígbà náà, abẹ́ ẹ̀ la ti ra káàdì, abẹ́ ẹ̀ náà la ti ń gbowó báyìí. Láwọn abúlé tí báńkì jìnnà sí, ọmọ POS ni báńkì. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí wọ́n pààrọ̀ náírà tówó sì wọ́n bí ojú. Àgbẹ̀ tó gbé ẹ̀gẹ́ wá sọ́jà, ọwọ́ ẹ̀rọ yìí ló ń wò. Tẹ́rọ ọ̀hún bá wá kú lójijì níbi tí wọ́n ti ń fa owó lọ́wọ́, tí fóònù oníbàárà ti dún pé owó ti kúrò, tí ẹ̀rọ ò sì tíì sọ nǹkan kan, ìjà dé nìyẹn. Oníbàárà á ní olè ni ọmọ náà, ọmọ á ní òun ò rí owó. Lọ́pọ̀ ìgbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà á lóòótọ́, àmọ́ ooru náà wà lára ohun tó ń mú ẹ̀rọ pa ara ẹ̀.

Bátìrì tó wà nínú ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ kí wọ́n fi iná sí òun nígbà tí ara òun bá ti gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 45. Ẹni tó gbé e sínú oòrùn, tó tún so ó mọ́ páwà báǹkì, ń se bátìrì ni. Á kọ́kọ́ máa tètè kú, lẹ́yìn náà á wú. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì gún un, ó lè gbiná. Ẹ má tọ́jú ẹ̀rọ sínú ṣókéèsì onígíláàsì tó wà nínú oòrùn, ẹ má sì fi sílẹ̀ nínú mọ́tò. Orúkọ méjì la ń pe ańbùrẹ́là, agbòjò àti agboòrùn, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń polówó ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba èkejì. Ẹ fi aṣọ funfun tó nípọn bo orí ẹ̀, kẹ́ ẹ máa sún tábìlì tẹ̀ lé òjìji bó ṣe ń sún. Tí ibòòji bá dúdú dáadáa, ojú ẹ̀rọ á hàn kedere, oníbàárà ò sì ní í máa ka nọ́ńbà àṣírí ẹ̀ sókè fún gbogbo ayé.

Rìsíìtì ńkọ́? Bébà POS kò ní yíǹkì, ooru ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúdú tí wọ́n bá gbé róòlù sínú oòrùn, tí èyí tí wọ́n ti kọ sí i náà á sì parẹ́ tí oòrùn bá ń pa á. Ẹni tó fẹ́ fi rìsíìtì gba owó padà ní báńkì, kó tètè fi fóònù yà á ní fọ́tò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, bébà funfun lásán ló lè kù sí i lọ́wọ́.

Àwa tá à ń rà náà, ẹ jẹ́ ká la ojú wa. NAFDAC ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n má to pure water àti ẹlẹ́rìndòdò sínú oòrùn, síbẹ̀ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ óò rí àpò pure water tó jókòó síbẹ̀ látàárọ̀. Omi tó pẹ́ nínú oòrùn máa ń gba òórùn ọ̀rá tí wọ́n rọ ọ́ sí, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í di aláwọ̀ ewé. Àwọn ohun mímu kan wà tí wọ́n fi benzoate sí kó má bàa bàjẹ́. Tí fítámì C bá tún wà nínú ẹ̀, ooru àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè mú kí èròjà benzene jáde níbẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Kì í sábà pọ̀, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi ṣe? Gbígbé tí wọ́n gbé e sínú fírísà lẹ́yìn náà kò ní í mú un kúrò. Tẹ́ ẹ bá rí i pé inú oòrùn lọlọ́jà ń to ọjà sí, ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò bá gbọ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹ má sì torí oòrùn gbàgbé òjò. Lóṣù kẹta sí ìkẹrin, ìjì tó ń ṣáájú òjò kì í kánlẹ̀kùn. Ẹ so ańbùrẹ́là àti tapólì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ gbé fírísà sórí búlọ́ọ̀kù kí àgbàrá má bàa wọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí ibi tí wáyà ti so pọ̀ wà nílẹ̀. Iná àti omi kì í ṣọ̀rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, àwọn aláṣẹ ọjà àti ìjọba ìbílẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ ọ́, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Àwọn baba wa máa ń gbin igi odán síwájú ààfin àti sínú ọjà. Wọn ò ní fírísà, wọn ò ní POS, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọjà tí kò níbòòji, ọ̀sán ni yóò tú. Lóde òní, tí wọ́n bá fẹ́ fẹ títì tàbí kọ́ ṣọ́ọ̀bù, igi ni wọ́n á kọ́kọ́ gé, wọ́n á kọ́ páànù síbẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú owó tẹ́ ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá yìí, ẹ yọ díẹ̀ gbin dóńgóyárò, odán àti máńgòrò, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́. Ọdún mélòó kan ló máa gbà, ó sì máa pẹ́ ju ẹni tó gbìn ín lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dájọ láti ra fírísà, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ má kó gbogbo owó lé ẹ̀rọ lórí. Ẹ yọ owó páànù kejì, ọ̀dà funfun àti tapólì sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ọjà. Tówó ò bá wá tó mọ́, ẹ ra ẹ̀rọ tó kéré díẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó wà níbòòji á sanwó ilé ìwé ọmọ, èyí tó tóbi tó wà nínú oòrùn, oníṣẹ́ fíríìjì ló máa sanwó tiẹ̀ fún. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.